Àga Bàbá Lẹ́bàá Ilẹ̀kùn

Nígbà tí a sin bàbá bàbá mi tán, àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Bìní láti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni gbogbo wọn sọ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí mo bá gbọ́ ohun tó kù díẹ̀ kó pé, ọwọ́ mi á máa wá bírò pupa. Lọ́yà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹbí wa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní Bàbá fẹ́ràn ohun tuntun, ó ní ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì lọ́yà wọn fi wà nílẹ̀ dòní nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí kò dára kí ènìyàn máa já ọ̀rọ̀ gbà níbi ìsìnkú.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá kò fẹ́ràn ohun tuntun rárá. Ọkùnrin kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ekiosa ló ń tún bàtà wọn ṣe títí ọkùnrin náà fi kú. Nígbà tí wọ́n gbé bàtà lọ fún ọmọ rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń ráhùn pé ọmọ náà kò mọ ìka ẹsẹ̀ àwọn. Bí a bá gbé àga pálọ̀ kúrò níbi tó wà, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, wọ́n á ní, "Ilé ta rèé?" Ohun tí Bàbá ṣe le ju kí ènìyàn fẹ́ràn ohun tuntun lọ. Wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fún un láyè. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí a tó gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Bàbá. Wọ́n wá sí Bìní nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, wọ́n gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ọ̀nà Sakponba, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Bọ̀ọ̀dá Délé, àbíkẹ́yìn wọn, àbúrò bàbá mi, di lọ́yà, wọ́n sì bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Yéwándé, ọmọ Bọ̀ọ̀dá Délé, dé láti ilé ẹ̀kọ́ òfin. Osaro, ọmọ Bìní, ni atẹ̀wé wọn láti ìgbà tí èmi àti ẹ̀ ti wà ní ọ̀dọ́. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá débi pé Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti Yéwándé lọ. Bàbá á bi Yéwándé léèrè ní Yorùbá, Yéwándé á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, Osaro á wá jókòó láàárín wọn, á máa rẹ́rìn-ín.

Èmi kò mọ òfin. Ekiadolor ni mo ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Bàbá ní ọ́fíìsì, mo sì máa ń jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹun tán. Ẹni tó bá mọ bí Bàbá ṣe ń yọ eegun ẹja yóò mọ̀ pé àkókò tó pọ̀ nìyẹn.

Àṣà kan wà nínú ọ́fíìsì yẹn tí n kò rí níbòmíràn. Ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde lọ sí kóòtù àfi tí ẹnì kan bá kà á sókè, tí ẹni tó kọ ọ́ sì jókòó pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, tó ń gbọ́. Wọ́n á ka kọ́mà, wọ́n á ka àmì ìdánudúró. Bàbá á dijú lórí àga ńlá wọn, ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n ń sùn. Bí ẹni tó kọ ìwé bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn, Bàbá á gbé ìka sókè. "Ṣé ìwọ náà máa tẹ̀lé ìwé yìí dé iwájú adájọ́, kí o máa sọ ohun tí o ní lọ́kàn fún un?"

Èmi náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo kọ àròkọ kan tí inú mi dùn sí gan-an, mo gbé e lọ fi han Bàbá. Wọn kò gbà á. Wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Délé kà á sókè, kí n jókòó. Bọ̀ọ̀dá Délé, tí wọ́n fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, kà á pẹ̀lú gbogbo ìyájú tó wà nínú wọn, ojú sì tì mí kí wọ́n tó dé ìdajì, torí mo ti gbọ́ gbogbo ibi tí mo ti ń yangàn. Bàbá lajú. "Ohun tí o kọ, ojú rẹ ti mọ̀ ọ́n jù. Jẹ́ kí etí rẹ bá ọ wò ó." Gbogbo ọmọ tó kọjá nínú kíláàsì mi ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ẹni tó ni ín.

Bọ̀ọ̀dá Délé ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kí n tún èyí náà ṣe, torí àwọn ènìyàn ń sọ pé Bàbá ni. Nígbà yẹn, Bọ̀ọ̀dá Délé ni ọ̀dọ́, àwọn ni wọ́n ń sáré. Bàbá wo nǹkan náà, wọ́n da aṣọ bò ó bí ẹni da aṣọ bo ọbẹ̀ tí eṣinṣin ń kùn sí, wọ́n sì ní kí Osaro máa bá tàípúráítà rẹ̀ lọ. Inú Osaro dùn. Àmọ́ nígbà tó yá, kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí ìwé mọ́ tónítóní, kí àtúnṣe má hàn lára rẹ̀. Bí adájọ́ bá ní kí a pa ìlà kan rẹ́, Osaro á tún odindi ìwé tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bàbá ká aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí Osaro lọ kọ́ ọ.

Osaro fárígá. "Oga, this thing go chop my work! Ẹ fẹ́ kí n kọ́ nǹkan tó máa lé mi lọ?"

"Ta ló fẹ́ lé ọ lọ?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà. Èmi ló máa kọ́kọ́ lé, kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n bá ara wọn jà débi pé Osaro ń gbé tíì wá, kò ní sọ̀rọ̀, Bàbá á mu tíì, wọn kò ní dúpẹ́. Ohun tí Bàbá wá ṣe ni pé wọ́n tẹ̀lé Osaro lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà, lápá Ring Road. Lọ́yà àgbà, pẹ̀lú aṣọ dúdú àwọn lọ́yà lọ́rùn, jókòó láàárín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Wọn kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tí olùkọ́ ibẹ̀ bi wọ́n pé, "Daddy, ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ wò?" wọ́n ní, "Rárá o. Mo wá wò bóyá ẹ ń kọ́ ọ dáadáa ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e lọ títí Osaro fi mọ̀ ọ́n. Osaro ló sọ ohun tí Bàbá sọ fún un lọ́nà ilé fún mi: "Títẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ rẹ. Iṣẹ́ rẹ ni pé kí ìwé wa má ní àbùkù. Tí ohun tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ bá yí padà, ìyẹn ò kàn ọ́."

Ayé tún yí. Ilé-iṣẹ́ onípákó ńlá tó ti ń gbé iṣẹ́ wá láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé gba lọ́yà tirẹ̀ sínú ọgbà rẹ̀, kò wá mọ́. Àwọn onílé ń rí ìwé àdéhùn lórí fóònù, wọ́n ń kọ orúkọ sí i, wọ́n ń fọwọ́ sí i, ìgbà tí ìjà bá dé ni wọ́n ń rántí lọ́yà. Àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ tí Bàbá kọ́ ń lọ sí Èkó. Ní àsìkò yìí, Bọ̀ọ̀dá Délé tó gbé kọ̀ǹpútà wọlé ti wá di ẹni tó ń sọ pé ohun gbogbo ti bàjẹ́.

"Àwọn ènìyàn ò bọ̀wọ̀ fún òfin mọ́," ni wọ́n ń wí.

Bàbá ní, "Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Àwa ni wọn ò ráyè dúró dè."

Yéwándé mú àbá wá pé kí àwọn oníbàárà máa ya fọ́tò ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sórí fóònù ọ́fíìsì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí lọ́yà sì dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Bọ̀ọ̀dá Délé ní lọ́yà kì í kiri ọjà. Bàbá kò dá sí i. Ìyá Kẹ́mi ni wọ́n pè, obìnrin ará Oǹdó tó ń ta àwo àti ìkòkò ní Ekiosa, tí wọ́n ti ń bá ṣe ẹjọ́ tipẹ́. Wọ́n bi í pé kí ló ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó máa mú ìwé wá.

"Ẹ̀yin Bàbá, ẹ má bínú o. Tí mo bá wá jókòó sí ọ́fíìsì yín láti àárọ̀, ta ló máa bá mi tajà? Ṣé Bọ̀ọ̀dá Délé ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ́fíìsì ti ń gba ìwé lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Bí Ìyá Kẹ́mi bá fi ohùn ránṣẹ́, Bàbá á na fóònù síwájú bí ẹni na àwo ọbẹ̀ gbígbóná, wọ́n á gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," wọ́n á sì dáhùn sókè ketekete pé, "Káàárọ̀ o, Ìyá Kẹ́mi, ọjà ńkọ́?"

Yéwándé á ní, "Grandpa, she can't hear you. Ó ti gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ṣé ìyẹn ní kí n má dáhùn ìkíni rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ ló dá ìjà tó le sílẹ̀. Yéwándé fi í kọ ìwé àròyé kan fún kóòtù, ìwé náà sì dára, ó ń dán. Wọ́n kà á sókè gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí Osaro ka ibi tí wọ́n ti tọ́ka sí ìdájọ́ àtijọ́ kan, Bàbá gbé ìka sókè. "Ìdájọ́ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n. Ta ló rí i?" Wọ́n wá a nínú ìwé, wọ́n wá a lórí kọ̀ǹpútà, wọn kò rí i. Kò sí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Ẹ̀rọ ló dá a sọ.

Bọ̀ọ̀dá Délé fò dìde. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé mo ti sọ? Ẹ kó nǹkan yìí jáde níbí!"

Yéwándé tẹrí ba. Bàbá kọjú sí ọmọ wọn. "O ti sọ, Délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, o da ìwé ẹjọ́ kan kọ, o sì fi orúkọ oníbàárà wa ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Osaro ló kà á jáde nínú yàrá yìí. Ṣé mo lé bírò jáde?" Bọ̀ọ̀dá Délé jókòó. Bàbá wá yíjú sí Yéwándé, ohùn wọn kò sì rọ̀. "Ẹ̀rọ lè kọ ọ́. Èmi ò bá a jà. Ta ló kà á? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀."

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Délé àti Yéwándé kò ti rẹ́ mọ́. Yéwándé ní a kò lè máa sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí a so mọ́lẹ̀. Ọ́fíìsì ńlá kan ní Èkó ti pè é, ó sì kù kó dá wọn lóhùn. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bọ̀ọ̀dá Délé kò ní ọmọ mìíràn tó jẹ́ lọ́yà. Bí Yéwándé bá lọ, ọjọ́ tó bá rẹ Bọ̀ọ̀dá Délé náà ni wọn yóò já pátákó ọ́fíìsì tó wà lójú ọ̀nà Sakponba sílẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹjọ́ Ìyá Kẹ́mi dé. Ẹnì kan jáde, ó ní ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà wà kì í ṣe tirẹ̀, pé ayálégbé ni. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ra ilẹ̀ náà tó sì ṣì wà láyé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Àìsàn kò jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ òfúrufú. Adájọ́ gbà pé òun yóò gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí lọ́yà kọ̀ọ̀kan wà ní ibi tirẹ̀, nínú yàrá tó dákẹ́, tí ariwo kò wọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ló dákẹ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, yàrá Bàbá, tó wà lẹ́yìn. Gbogbo ìyókù ló kọjú sí títì, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Yàrá Bàbá sì kún fún tábìlì wọn àti àga ńlá tí ẹlòmíràn kò jókòó lé rí. Kò sí ẹni tó lè la ẹnu sọ pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Délé ní, "A máa bẹ kóòtù kó sún un síwájú. Tí ara rẹ̀ bá yá, á wá."

Ìyá Kẹ́mi ní, "Ẹ sún un síwájú di ìgbà wo? Bọ̀ọ̀dá Délé, ara ẹ̀gbọ́n mi ò ní yá mọ́. Ibi tí mo ti ń jẹun ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi o."

Yéwándé sọ pé ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ òun kan ní yàrá tó dákẹ́, òun á lọ ṣe é níbẹ̀.

"Tí o bá gbé ẹjọ́ ọ́fíìsì yìí lọ sí ọ́fíìsì ẹlòmíràn," Bọ̀ọ̀dá Délé dá a lóhùn, "máa bá ibẹ̀ lọ sí Èkó. Má padà wá."

Mo wà níbẹ̀. Mo di abọ́ oúnjẹ mú, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Bàbá ń yọ eegun ẹja wọn lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Délé fi ọkọ̀ gbé àwọn lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí Bọ̀ọ̀dá Délé ṣe máa ń gbé wọn wá tí wọ́n sì ń gbé wọn padà lójoojúmọ́.

Nígbà tí Osaro dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá àga ńlá náà lẹ́bàá ilẹ̀kùn àbáwọlé, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń dúró. Bàbá wà lórí rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Tábìlì nìkan ló kù nínú yàrá ẹ̀yìn. Bàbá fi agbára àgbàlagbà gbé àga yẹn fúnra wọn la ọ̀dẹ̀dẹ̀ já. Osaro pariwo, "Papa, wetin be this?" Bàbá ní, "Yàrá yẹn ti ṣófo. Ẹ lọ fi ṣe ohun tí iṣẹ́ bá fẹ́." Wọn kò padà sínú rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ náà, Yéwándé wà nínú yàrá pẹ̀lú Ìyá Kẹ́mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ́rìí láti Kánádà, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín ṣùgbọ́n ó ṣe kedere. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ti gbé lọ sí ìsàlẹ̀ gbà á. Bàbá kò wọlé lọ wò. Wọ́n jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìka wọn wà lókè, wọ́n ń pa gbogbo ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn lẹ́nu mọ́. Obìnrin kan tó ń kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ gòkè wá, ó fẹ́ polówó, ó rí ìka yẹn, ó sì padà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ìdájọ́ jáde, ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ti Ìyá Kẹ́mi. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń ta ìkòkò.

Yéwándé kò lọ sí Èkó. Òun àti Bọ̀ọ̀dá Délé ni wọ́n jọ ń darí ọ́fíìsì báyìí. Mo ti máa ń rò pé ìdájọ́ yẹn ló dá a dúró.

Mo parí ohun tí mo kọ yìí, mo gbé e lọ sí ọ̀nà Sakponba kí n tó fi ránṣẹ́ fún àwọn ẹbí. Yéwándé kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n jókòó. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àga Bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, pẹ̀lú kọ́mà, pẹ̀lú àmì ìdánudúró, ní Yorùbá tó ń kọsẹ̀ níbi tí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá pọ̀. Mo dijú. Nígbà tó dé ibi tí Bàbá ti gbé àga fúnra wọn, ó dá kíkà dúró.

"Àǹtí, ibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀."

Mo lajú.

"Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Mo tètè wá kó àwọn ìwé mi, torí mo ti pinnu pé mò ń lọ. Mo rí wọn láti orí àtẹ̀gùn, àwọn ò rí mi. Grandpa wà níwájú, Daddy wà lẹ́yìn, wọ́n jọ gbé e. Ẹsẹ̀ àga ń ha ògiri, Daddy ń sọ pé, 'Ẹ rọra, sà, ẹ rọra.' Mo kàn padà sọ̀kalẹ̀. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀, mi ò kó ìwé kankan mọ́, ìgbà tí Osaro ti dé ni mo tó gòkè."

Ilẹ̀kùn yàrá Bọ̀ọ̀dá Délé ṣí sílẹ̀. Wọ́n yọ orí síta. "Àga yẹn wúwo," ni wọ́n wí. "Báwo ni Bàbá ṣe máa dá a gbé?" Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn padà.

Mo mú bírò pupa jáde. N kò pa ohun tí mo kọ lókè rẹ́. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè rí àṣìṣe àti àtúnṣe rẹ̀ pa pọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bàbá àti Bọ̀ọ̀dá Délé ni wọ́n jọ gbé àga náà. Yéwándé wo ọwọ́ mi títí mo fi kọ ọ́ tán, ó sì bá kíkà rẹ̀ lọ.